Yàrá Àwọ̀n tí Bàbá Kọ́ìlì Hun

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Kọ́ìlì. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé níbì kan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè rẹ̀ gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ti gba ipò orúkọ rẹ̀. Bí fáànù bá jó, bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá yadi, bí ẹ̀rọ ìlọta bá rú èéfín, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Yóò tú u palẹ̀, yóò gé kọ́ìlì, ìyẹn wáyà bàbà wíwé tó ti jó dúdú, kúrò nínú rẹ̀, yóò ka iye ìgbà tí wọ́n wé e, yóò sì wé tuntun síbẹ̀ ní iye kan náà, kò ní fi ẹyọ kan lé e, kò ní yọ ẹyọ kan kúrò. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, lórí àpótí kan ṣoṣo tí ìjókòó ti gbẹ́ ojú rẹ̀ bí àwo.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ òfin kan wà tó máa ń tún sọ ní àràárọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà: "Wáyà ò gbọdọ̀ fara kan wáyà." Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà nìyẹn. Wáyà inú kọ́ìlì kì í ṣe bàbà lásán. Wọ́n ti fi fáníṣì wọ̀ ọ́ láṣọ. Aṣọ náà fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò rí i, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí iná fò láti ara ọ̀kan bọ́ sára èkejì. Bó bá ya níbi kékeré péré, iná á gba àbùjá, kọ́ìlì á sì jó. Bàbá Kọ́ìlì gba òfin yìí gbọ́ ju ọ̀gá rẹ̀ pàápàá lọ. Níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rẹ kọ́ìlì sínú fáníṣì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ń rẹ tirẹ̀. Kò sí kọ́ìlì kan tó wé tó padà wá láàárín ọdún kan.

Ẹ̀rọ mọ́kànlá wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn tó ni wọ́n kò wá mú mọ́. Àwọn kan ti kú nínú wọn, àwọn kan ti kó lọ, àwọn kan ti ra tuntun. Síbẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá Kọ́ìlì máa ń fi ọwọ́ yí ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kí ó má baà dógùn-ún. Obìnrin kan tó ń ra irin àlòkù, Ìyá Onírin, ti bẹ̀ ẹ́ títí kí ó tà wọ́n fún òun.

Ó ní, "Bàbá, òkú lẹ̀ ń tọ́jú yìí."

Bàbá Kọ́ìlì ní, "Wọn ò kú. Ẹni ni wọ́n ń dúró dè."

"Ẹ̀yin àti àwọn náà ni."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ọdún kẹfà nìyí tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ìyàwó náà ló máa ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá ní àlejò, òun ni yóò sọ pé, "Ọkọ mi ní ẹ kú àbọ̀," nígbà tí ọkọ kò tíì la ẹnu. Bí ọmọ wọn kan ṣoṣo, obìnrin, bá yege nílé ẹ̀kọ́, òun ni yóò sọ fún un pé, "Inú bàbá rẹ dùn títí lánàá, kò lè sùn." Ọmọ náà dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu bàbá òun nígbàkígbà tí òun kò bá sí nítòsí. Nígbà tí ìyá kú, ọmọ wá rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, tàbí bó bá wà, kò sẹ́ni tí yóò bá òun gbé e wá.

Kì í ṣe pé wọ́n jà. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tó wà ní ìparí òpópónà. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, nítorí orí òkun ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń wálé lọ́dún. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, yóò wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀.

"Ṣé ara le, Bàbá?"

"Ara le, Ìyá mi." Ìyá mi ló máa ń pè é, torí ọdún tí ìyá Bàbá Kọ́ìlì fúnra rẹ̀ kú ni wọ́n bí i.

"Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

Wákàtí kan yóò lọ bẹ́ẹ̀. Bàbá yóò máa wé wáyà, ọmọ yóò máa wo ojú ọ̀nà, lẹ́yìn náà yóò dìde, yóò kúnlẹ̀, yóò sì lọ. Bàbá Kọ́ìlì yóò wo bẹ́ǹṣì náà fún ìgbà díẹ̀. Láàárín oṣù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ lé e.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ yọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní ọ̀sán gangan, Bàbá Kọ́ìlì mọ̀ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀. Ó gbé pílásì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ náà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá sí ilé ìwòsàn wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ohun tó ń lọ nínú ọpọlọ, fún àwọn ọmọ tí gìrì tàbí wárápá ń bá jà. Òun ni wọ́n rán lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọ́n á lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí ọmọ, ẹ̀rọ á sì máa fa ilà sójú gíláàsì. Bí ilà yẹn bá ṣe rìn ni Dókítà fi ń mọ irú àìsàn tó jẹ́ àti oògùn tó yẹ. Ṣùgbọ́n tìráńsífọ́mà ńlá kan wà lẹ́yìn ògiri yàrá náà, iná rẹ̀ sì ń da ilà náà rú.

"Iná inú ọpọlọ kéré gan-an, Bàbá. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ jòjòló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níbi tí ẹ̀rọ ìlọta ti ń kù. Ilà kan ò dúró. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ̀n bí koríko inú afẹ́fẹ́."

"Ẹ gbé e lọ sí yàrá mìíràn."

"Kò sí yàrá mìíràn. Wọ́n ní kí á fi àwọ̀n bàbà yí yàrá náà ká, òkè, ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ gbogbo, kí á wá so ó mọ́ irin tí a rì sínú ilẹ̀. Iná ìta á gba ara àwọ̀n wọlẹ̀ lọ, kò ní ráyè wọ inú. Àmọ́ iye tí wọ́n ń ta irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ò lè rà á." Ó wo àpò méjì tó kún fún wáyà jíjó ní igun ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó ní wáyà."

Bàbá Kọ́ìlì náà wo àwọn àpò náà. Ọmọ náà wá sọ èyí tó ṣẹ́kù, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti oríkò ilé iṣẹ́ ìlera tó gbé ẹ̀rọ náà fún wọn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ilà ẹ̀rọ bá ṣì ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìrìn àjò ọjọ́ kan sí ibí. Òun náà á sì bá a lọ, torí òun nìkan ló mọ̀ ọ́n lò.

"Ṣé títí lọ ni?" Bàbá Kọ́ìlì béèrè.

"Ibi tí ẹ̀rọ bá wà ni mo wà."

Ẹnu rẹ̀ fẹ́ sọ pé, má lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun, ó jókòó síbẹ̀. Ohun tó jáde ni, "Yàrá náà fẹ̀ tó mélòó?"

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ oníbàárà rẹ̀ dúró sápá kan. Ó da àpò wáyà méjèèjì sílẹ̀, wáyà tí ó ti gé kúrò nínú ẹ̀rọ jíjó láti bí ọdún méjì, ó sì ń nà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àkísà nù wọ́n. Pákó àlòkù ló fi kan férémù mẹ́rìndínlógún, mẹ́ta mẹ́ta fún ògiri kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin fún òkè àjà. Ó tún kan ẹyọ kan lé e, torí ó jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí nǹkan ku díẹ̀ káàtó. Nínú férémù kọ̀ọ̀kan, àádọ́rùn-ún wáyà ni ó hun bí ẹni hun aṣọ, ó fi àlàfo ìka méjì sí àárín wọn. Ti ilẹ̀, agolo òróró àlòkù ni ó gé, ó tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn pọ̀.

Ìyá Onírin wá ní ọjọ́ kẹta láti ra wáyà. Ó bá a láàárín àwọn férémù, ó fi ọwọ́ bọ àlàfo kan, ó yọjú níbòmíràn.

"Ṣé ẹyẹ lẹ fẹ́ máa sìn ni, Bàbá?"

"Rárá."

"Adìyẹ?"

"Yàrá ẹ̀rọ ọmọ mi ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ wá fi gbogbo ọjà mi há a." Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Kọ́ìlì wò ó, kò lè lé e dìde. "Wọ́n ní wọ́n fẹ́ gbé e kúrò níbí. Ẹ ti sọ fún un pé ẹ ò fẹ́?"

"Iṣẹ́ ni mo ń ṣe sí i."

"Mi ò béèrè iṣẹ́. Ẹnu ni mo béèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Bàbá Kọ́ìlì na wáyà kan, ó wo títọ́ rẹ̀ lójú oòrùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọ ihò. Ìyá Onírin rẹ́rìn-ín, ó gbé àpò òfìfo rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n gbé àwọn férémù lọ. Wọ́n tò wọ́n yí yàrá ká, ó bá ara mu rẹ́gí, ìṣó kan kò yẹ̀. Bàbá Kọ́ìlì so wáyà nínípọn kan láti ara férémù ẹnu ọ̀nà mọ́ irin tí ó rì sí ẹ̀yìn fèrèsé. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọjá dúró wò ó. Ọ̀kan ní ó dára ju kọ́bọ́ọ̀dù òun lọ.

Ọmọ náà ní, "Ẹ jókòó, Bàbá. Orí yín ni mo máa fi dán an wò."

Ó jókòó. Ọmọ náà fi ìka la irun funfun orí rẹ̀, ó fi ohun tútù kan pa ojú ibẹ̀, ó lẹ wáyà àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, èkejì. Ogún ó lé ẹyọ kan ni wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kánjú lórí ìkankan. Bàbá Kọ́ìlì jókòó gbagidi bí ọmọ tí wọ́n ń fá lórí. Kò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ kí wáyà náà má tètè tán.

Ọmọ náà ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó tan án. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára gíláàsì. Bàbá Kọ́ìlì yí ojú sápá kan, ó rí gíláàsì náà. Ilà mọ́kànlélógún, gbogbo wọn ń gbọ̀n bí ẹni òtútù mú.

"Bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn?"

"Bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ náà ni." Ó pa ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà kúrò lórí bàbá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti ìṣáájú lọ. "Kò burú, Bàbá. Ẹ ti gbìyànjú."

Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún oníbàárà nìyẹn, bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti kọjá àtúnṣe. Bàbá Kọ́ìlì mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ọjọ́ kejì, ó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù láìṣe nǹkankan. Ìyá Onírin dé, ó ní òun gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí, òun wá kó àwọn gígé tó ṣẹ́kù. Bí ìṣe àwọn tó ń ra bàbà, ó mú wáyà kan, ó fi ọ̀bẹ kékeré rẹ̀ ha á láti rí àwọ̀ rẹ̀. Ó wò ó, ó tún ha á.

"Bàbá, ta ló fi fáníṣì tuntun kun wáyà jíjó?"

"Èmi ni. Fáníṣì ti àtijọ́ ti bó lára púpọ̀ nínú wọn. Mo rẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Kí ẹ tó wá hun ún?"

"Kí n tó hun ún."

"Kí ló fà á?"

"Kí wọ́n má baà fara kan ara wọn."

"Tí wọ́n bá wá fara kan ara wọn ńkọ́? Kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Bàbá Kọ́ìlì la ẹnu láti dá a lóhùn. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kọ́ìlì ni ó hun yìí.

Ó dìde. Ó fa férémù kẹtàdínlógún tó ṣẹ́kù sínú ṣọ́ọ̀bù jáde, ó mú bátìrì àti gílóòbù kékeré tó fi ń dán kọ́ìlì wò. Ó ha imú wáyà kan lókè àti nísàlẹ̀, ó fọwọ́ bátìrì kàn án ní òkè, ó fi gílóòbù kàn án nísàlẹ̀: gílóòbù tàn. Ó ha imú wáyà tó gba orí rẹ̀ kọjá, ó gbé gílóòbù lọ síbẹ̀: kò tàn. Ó gbé e sí èyí tó tẹ̀ lé e: kò tàn. Àádọ́rùn-ún wáyà, wọ́n gun ara wọn lórí, wọ́n gba abẹ́ ara wọn, wọ́n sún mọ́ra bí èèyàn inú ọkọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ẹnìkejì rẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo ni ó so mọ́ ilẹ̀. Ibi tí àwọn ìyókù dúró, afẹ́fẹ́ ni. Ọmọ rẹ̀ kò ronú láti sọ fún un pé kí wáyà náà so pọ̀. Ta ló máa sọ fún ẹni tó ń hun àwọ̀n pé kí àwọ̀n so pọ̀? Òun náà kò sì béèrè.

Ìyá Onírin ní, "Ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀ ni? Ojú yín yí padà."

"Èmi ni mo bà á jẹ́," ó ní. "Mo fi ọwọ́ ara mi pín wọn níyà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí òun bá fi bẹ́líìtì bàbà tí kò ní fáníṣì yí férémù kọ̀ọ̀kan ká, tí òun ha imú wáyà kọ̀ọ̀kan ní ìhà méjèèjì, tí òun sì fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ bẹ́líìtì náà, á ṣiṣẹ́. Imú wáyà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ó tún un ṣírò, bóyá òun ṣì í. Kò ṣì í.

"Kò lè ṣeé ṣe," ó ní.

"Fún ẹni mélòó?"

"Fún ẹnì kan."

"Ẹ wá ẹnì kejì," ni Ìyá Onírin sọ. "Ẹnì kẹta ti dúró níwájú yín, ó sì ní ọ̀bẹ lọ́wọ́."

Láti ọjọ́ ìsìnkú ìyàwó rẹ̀, Bàbá Kọ́ìlì kò tíì dé yàrá tí ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ó ní láti béèrè ilẹ̀kùn tó jẹ́. Nígbà tí ọmọ náà ṣí i, ẹ̀rù bà á.

"Bàbá? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

Yàrá náà mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, àga kan ṣoṣo. Àpótí aṣọ méjì ti wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá Kọ́ìlì wo àga kan ṣoṣo náà ju bí ó ti wo àpótí lọ. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé bí ọmọ òun bá kúrò lọ́dọ̀ òun ní ọjọ́ Àìkú, ibi tí èèyàn pọ̀ sí ló ń lọ.

Ó ṣàlàyé fáníṣì fún un. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ìkankan pa mọ́, ó sọ bí ó ṣe rẹ wáyà náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tí ó ti gba òmìnira iṣẹ́.

"Mi ò lè dá a ṣe, Ìyá mi. Ó ju ọwọ́ mi lọ."

Ọmọ náà wá bàtà rẹ̀ wọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ha imú wáyà nínú yàrá ẹ̀rọ. Ìyá Onírin ń fi ọ̀bẹ ha, ọmọ ń fi sáńpépà nù ún títí ó fi pọ́n, Bàbá Kọ́ìlì ń fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ bẹ́líìtì, ó sì ń so bẹ́líìtì férémù kan mọ́ ti èkejì. Èéfín lẹ́ẹ̀dì ta sí wọn lójú. Bí férémù kọ̀ọ̀kan bá ti parí, Bàbá Kọ́ìlì yóò gbé gílóòbù rẹ̀ kàn án, yóò sì tàn níbikíbi tí ó bá fi kàn.

Ìyá Onírin ní, "Ogún ọdún ni mo ti ń ra bàbà lọ́wọ́ yín, Bàbá, ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ tó báyìí rí."

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀."

"Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láti àárọ̀. Mo ń kà á."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, tí Ìyá Onírin jáde lọ mu omi, ó béèrè láìgbé ojú kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, "Kí ló dé tí ẹ ò wá sílé mi rí, lẹ́yìn ìsìnkú Ìyá?"

Bàbá Kọ́ìlì jó imú wáyà mẹ́ta kí ó tó dáhùn. "Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ tí mo bá dé ibẹ̀."

"Ẹ ò bá ti wá jókòó."

"Mo rò pé jíjókòó lásán ń sú ọ."

"Èmi náà ń wá jókòó lọ́dọ̀ yín lóṣooṣù."

Ó fẹ́ sọ ìyókù nígbà náà. Ṣùgbọ́n Ìyá Onírin ti padà, ó gbé omi dání fún wọn, ó sì ń ráhùn pé nọ́ọ̀sì kan bi òun bóyá òun ni aláìsàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, ọ̀gá oríkò ilé iṣẹ́ dé pẹ̀lú Dókítà. Wọ́n gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan wọlé, ẹni tí gìrì ń gbé lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e sí itan. Ọmọ Bàbá Kọ́ìlì lẹ wáyà mọ́ orí rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó tan ẹ̀rọ. Bàbá Kọ́ìlì dúró sí ẹ̀yìn gbogbo wọn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

Ilà náà jáde. Wọn ò gbọ̀n. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n ń yí díẹ̀ díẹ̀ bí omi adágún. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́ta nínú wọn ta sókè lójijì ní ìhà òsì, ọmọdé náà kò sì mira. Dókítà fọwọ́ sójú ibẹ̀.

"Ohun tí mo ti ń wá láti oṣù mẹ́rin nìyẹn," ó ní. Ó yíjú sí ìyá ọmọ náà. "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá. Ní báyìí, a ti mọ ibi tó wà."

Ọ̀gá náà kò wo ilà pẹ́. Àwọ̀n ni ó ń wò. Ó fi èékánná kàn án, ó tẹ̀ láti wo ilẹ̀ agolo, ó béèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Dókítà ní pàǹtí ni gbogbo rẹ̀, bàbá tó dúró sẹ́yìn yẹn ló hun ún. Ọ̀gá náà ní ilé ìwòsàn mẹ́rin mìíràn wà tí wọ́n gbé irú ẹ̀rọ yìí fún, gbogbo wọn ló sì jókòó láìlò nítorí ìyọnu kan náà. Ó bi ọmọ Bàbá Kọ́ìlì bóyá ó lè lọ bá wọn ṣe irú yàrá yìí, kí ó sì kọ́ àwọn ara ibẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ. Ọdún kan ni, bóyá kó lé díẹ̀. Ẹlòmíràn lè wá di ibí mú.

"Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i, sà," ni ọmọ náà wí.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Kọ́ìlì kò mú iṣẹ́ kankan dání. Ó ti mọ ìdí tó fi wá, ọ̀rọ̀ tó ti jókòó sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sì ti ń ro ó bí egungun. Ó wá tì í jáde.

"Mi ò fẹ́ kí o lọ."

Ọmọ náà yíjú kúrò lójú ọ̀nà, ó kọjú sí i.

"Ká ní ẹ ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, Bàbá, inú mi ì bá dùn kọjá sísọ."

"Mo mọ̀."

"Inú mi dùn báyìí náà." Ó fa etí aṣọ rẹ̀. "Ẹ rí ọmọ àárọ̀ yìí? Oògùn tí wọ́n ti ń fún un láti ọdún kan, kì í ṣe oògùn tirẹ̀. Ilé ìwòsàn mẹ́rin ni. Tí mi ò bá lọ, ta ló máa lọ?"

Bàbá Kọ́ìlì wá ẹni tí yóò dárúkọ. Ó wá a tọkàntọkàn, ó wo gbogbo àwọn tó mọ̀ nídìí wáyà, kò sì rí ẹnì kan.

"Kò sí," ó ní. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó fi kún un pé, "Ṣọ́ fáníṣì. Kí wọ́n ha á kí wọ́n tó hun ún, kì í ṣe lẹ́yìn."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló lọ. Ìyá Onírin ń ya wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ náà ń pè é, kì í pẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, Bàbá Kọ́ìlì ṣí ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ó ní iṣẹ́ kan pàtó. Ó jókòó. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ rẹ̀ ni, láti ilé ìwòsàn kìíní nínú mẹ́rin náà.

"Bàbá, ilẹ̀kùn ni. Tí a bá tì í, ilà á dúró. Tí ẹnikẹ́ni bá wá fara kan ilẹ̀kùn náà, á tún máa gbọ̀n."

"Kí lẹ fi so ó mọ́ férémù?"

"Ìdè tó ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà ṣí ni."

"Ìdè kò tó. Ọ̀dà á wà lára rẹ̀. Mú wáyà mẹ́sàn-án tí kò ní fáníṣì, kí o dì wọ́n pọ̀ bí irun, mẹ́ta mẹ́ta. Fi so ilẹ̀kùn mọ́ férémù lókè àti nísàlẹ̀. Jẹ́ kó gùn díẹ̀, kó lè tẹ̀ tí wọ́n bá ṣí i."

"Bí irun?" Ó gbọ́ ẹ̀rín lóhùn rẹ̀. "Ta ló kọ́ yín ní irun dídì?"

"Mo máa ń wò yín, ìwọ àti ìyá rẹ."

Bàbá Kọ́ìlì gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí. Níbi tó wà, ẹnì kan ń fi òòlù lu nǹkan lọ́nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ti parí; kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ tí ọmọ náà kò mọ̀. Bàbá Kọ́ìlì di fóònù náà mọ́ etí, ó wo ojú ọ̀nà, ó wá ohun tí yóò tún sọ, ó wá a.

"Ti ilẹ̀ ńkọ́?" ó ní. "Àwọn agolo yẹn. Ṣé ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó gbogbo etí wọn pọ̀?"

"A jó gbogbo rẹ̀, Bàbá."

"Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Sọ wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan," ni Bàbá Kọ́ìlì wí, ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti igun tó wà lẹ́bàá fèrèsé.